Fọ́tò súùmù nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré, láìtan fíláṣì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ibi tí a ní lọ́kàn jù níbí ni ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má tan fíláṣì, gbọ̀ngàn ìnáwó lálẹ́, àìsùn àti orí ìtàgé. Kámẹ́rà tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì la fi ṣe àpẹẹrẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n ti fóònù náà wà níbẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí 1/200, ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá la ń sọ.

Kí ló dé tí fọ́tò mi ń mọ́ lọ́sàn-án, tó wá ń ṣe bàìbàì lálẹ́ bí mo bá ti súùmù?

Lálẹ́, ìmọ́lẹ̀ kò tó, nítorí náà kámẹ́rà á jẹ́ kí ṣọ́tà rẹ̀, ìlẹ̀kùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ṣí pẹ́ kó lè rí ìmọ́lẹ̀ gbà. Bí ṣọ́tà bá ṣí pẹ́, ohunkóhun tó bá mira láàárín àkókò yẹn á fa ìlà sójú àwòrán, ì báà jẹ́ ọwọ́ yín tàbí ẹni tí ẹ ń yà. Súùmù wá ń sọ ìmìra kékeré di ńlá. Bí lẹ́ńsì 200mm ṣe ń fa ojú ìyàwó sún mọ́ yín, bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú kí gbígbọ̀n ọwọ́ yín hàn sí i.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Lẹ́ńsì súùmù olówó pọ́ọ́kú máa ń dín ojú rẹ̀ kù bí ẹ ṣe ń fà á jáde. 55-250mm tó ṣí dé f/4 ní 55mm, f/5.6 ló lè ṣí mọ ní 250mm (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó). Ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Bí àyè bá wà láti rìn sún mọ́ iwájú, ẹsẹ̀ yín dára ju súùmù lọ.

Nínú ṣọ́tà, ojú lẹ́ńsì àti ISO, èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Ṣọ́tà ni. Ẹ kọ́kọ́ pinnu ìyára tí kò ní jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì dé ibi tó lè ṣí dé, ìyẹn f-number tó kéré jù lọ. Ohun tó bá kù kí àwòrán mọ́lẹ̀, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń sọ ìmọ́lẹ̀ tó wọlé di púpọ̀, ni yóò gbé e.

Ẹ̀rù ISO ló ń ba àwòrán púpọ̀ jẹ́. Ayàwòrán á ní òun kò fẹ́ hóró-hóró (àmì kéékèèké bí iyanrìn tí ISO gíga ń mú wá), á fi ISO sí 400, kámẹ́rà á wá sọ ṣọ́tà di 1/20. Hóró-hóró ṣeé dín kù lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ojú tó ti fà tẹ̀ẹ̀rẹ̀ kò ṣeé dá padà. Ẹ lo ISO 3200 láìṣiyèméjì, kí ẹ sì lọ dé 6400 bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Hóró tí ẹ ń rí nígbà tí ẹ fẹ àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, oníbàárà kì í rí i nínú fọ́tò tó gbé kọ́ ara ògiri.

Ìyára ṣọ́tà mélòó ló tó?

Ìṣirò méjì ni ẹ ó ṣe, èyí tó bá yára jù ni kí ẹ mú.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọwọ́ yín: ìdá kan lórí gígùn lẹ́ńsì. Fún 200mm, 1/200. Bí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà yín, ibi tó ń gba àwòrán sílẹ̀ nínú rẹ̀, bá jẹ́ kékeré, irú èyí tí wọ́n ń pè ní APS-C, ẹ fi 1.5 sọ gígùn lẹ́ńsì di púpọ̀ fún Nikon, Sony àti Fujifilm, tàbí 1.6 fún Canon. 200mm yẹn á wá fẹ́ 1/300 tàbí 1/320. Òfin yìí kì í ṣe ti Mósè. Bí sẹ́ńsọ̀ yín bá ní 24 megapixel tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi díẹ̀ kún un.

Èkejì jẹ́ ti ẹni tí ẹ ń yà. Ẹni tó dúró tó ń wàásù tàbí tó ń kàwé, 1/125 sí 1/160. Tọkọtaya tó ń rìn bọ̀ láàárín àga, 1/250. Ijó, lílẹ owó mọ́ ẹni níwájú orí, ọmọdé tó ń sáré, 1/500. Tí onílù bá ń lù, orí kọ̀ǹgọ́ ṣì lè fà díẹ̀ ní 1/500. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá ti mọ́. Kọ̀ǹgọ́ tó dúró gbagidi nínú afẹ́fẹ́ kì í fi hàn pé ìlù ń dún.

Kámẹ́rà mi ní stabilizer. Ṣé kò ní jẹ́ kí n lo 1/30?

IS ni Canon ń pè é, VR ni ti Nikon, OSS ni ti Sony, VC ni ti Tamron. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ yín kù. Wọn kò lè dá ẹni tó ń jó dúró. Pẹ̀lú stabilizer, ẹ lè ya òdòdó, kéèkì tàbí fèrèsé aláràbarà ní 1/30 kó sì mọ́ ṣáká. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tó ń mi orí, 1/125 rẹ̀ ṣì dúró.

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, ẹ fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan kó balẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ pa stabilizer, pàápàá lórí lẹ́ńsì àtijọ́. Àwọn kan nínú wọn á máa wá gbígbọ̀n tí kò sí, wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn dá a sílẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe di kámẹ́rà mú?

Ọwọ́ òsì ń bẹ lábẹ́ lẹ́ńsì, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgúnpá méjèèjì lẹ̀ mọ́ ìhà. Ẹsẹ̀ kan ṣíwájú díẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ní ihò tí a ń fojú wò, ẹ lò ó, nítorí iwájú orí yín di ibi kẹta tí kámẹ́rà fara tì. Ẹ má na ọwọ́ jáde láti máa wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ mí síta, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì jẹ́jẹ́ kí èémí tó tún wọlé. Ẹ fi kámẹ́rà sí burst, kí ẹ ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra: ìka tó ń tẹ bọ́tìnnì ló sábà máa ń gbọn ti àkọ́kọ́, èkejì àti ẹ̀kẹta á sì mọ́ jù ú lọ.

Òpó ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn àga, ògiri, gbogbo wọn ni ẹ lè fara tì. Ẹlẹ́sẹ̀ kan ló dára jù níbi tí èrò pọ̀ sí, torí pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á máa kọ́ àwọn olóyè lẹ́sẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí àyè gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, ẹ fi timer ìṣẹ́jú àáyá 2 tẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ yín má kan kámẹ́rà rárá.

Orí ibo ni kí n yí bọ́tìnnì mode sí?

M (Manual) pẹ̀lú Auto ISO. Ẹ fi ọwọ́ ara yín mú ṣọ́tà (1/250, bí àpẹẹrẹ) àti ojú lẹ́ńsì (f/2.8 tàbí èyí tó kéré jù tí ẹ ní), kámẹ́rà á máa yí ISO fúnra rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí. Nínú mẹ́nù, ẹ fi òpin ISO sí 6400, tàbí 12800 bí kámẹ́rà bá jẹ́ ti òde òní.

Ẹ sá fún Auto aláwọ̀ ewé. Òun ló ń gbé fíláṣì sókè láìbi yín, àárín àdúrà sì ni ó sábà máa ń ṣe é. Iná kékeré tó ń tàn níwájú kámẹ́rà láti wá fókọ́ọ̀sì náà ń dáni láàmú bí fíláṣì. AF-assist ni orúkọ rẹ̀ nínú mẹ́nù; ẹ pa á.

Lẹ́ńsì wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Bí owó kò bá pọ̀, 85mm f/1.8. Lẹ́ńsì tí kì í súùmù ni, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10 ti f/5.6. Ibi tí súùmù kékeré ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ISO 12800, 1250 ni 85mm yìí máa lò. Lórí sẹ́ńsọ̀ APS-C, ó ń ríran bíi 128mm sí 136mm, èyí tó tó fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹ bá dúró ní àga kẹta tàbí ẹ̀kẹrin.

Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ gé e lẹ́yìn náà. Àwòrán 24 megapixel jẹ́ 6000 lórí 4000. Bí ẹ bá gé e sí ìdajì ní gígùn àti ní ìbú, 3000 lórí 2000 ló kù, ìyẹn sì tó tẹ fọ́tò tó gùn ní íńṣì 10 láìfọ́. Àwòrán 85mm tó mọ́ tí a gé sàn ju ti 250mm tó gbọ̀n lọ.

70-200mm f/2.8 ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí, ó wọ́n, ó sì wúwo. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ wò ó láti ìhà kejì. Èéhù tó ta bí okùn aláǹtakùn nínú gíláàsì kò ṣeé nù láti ìta. Ẹ sì ya àwòrán mẹ́wàá pẹ̀lú rẹ̀ ní f/2.8 kí ẹ tó sanwó, nítorí lẹ́ńsì tó ti jábọ́ rí lè mọ́ lápá kan kó ṣe bàìbàì lápá kejì.

Fóònù nìkan ni mo ní ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ nu ojú lẹ́ńsì rẹ̀. Òróró ìka ló ń sọ iná gbọ̀ngàn di ìkùukùu.

Ẹ mọ ibi tí súùmù òótọ́ pin sí. Fóònù tó ní lẹ́ńsì 3x ní súùmù òótọ́ dé 3x. Ohun tó bá kọjá ìyẹn, ó ń gé àwòrán, ó sì ń nà án ni. Bí fóònù yín kò bá ní irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ rárá, kí ìka méjì má fa nǹkan kan. Ẹ yà á bó ṣe wà, kí ẹ gé e lẹ́yìn.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀. Lẹ́ńsì súùmù fóònù kéré, ojú rẹ̀ kò sì ṣí púpọ̀. Bí ibi bá ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ fóònù á pa á tì láìsọ fún yín, wọ́n á lo lẹ́ńsì ńlá, wọ́n á sì gé àwòrán rẹ̀. Ẹ lè dán an wò: ẹ fi 3x sílẹ̀, kí ẹ fi ìka bo lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn fóònù. Èyí tí ojú fóònù bá ṣú nígbà tí ẹ bò ó ló ń ṣiṣẹ́. Kò burú, ẹ kàn mọ̀ pé 3x tí ẹ rí kì í ṣe 3x tí ẹ sanwó rẹ̀.

Night mode ń kó àwòrán púpọ̀ jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí mélòó kan. Ó dára fún ilé àti ohun tó dúró jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jó á di òjìji. Fún ènìyàn, ẹ pa á, kí ẹ tẹ ojú ẹni náà lójú fóònù pẹ́ títí tí fókọ́ọ̀sì àti ìmọ́lẹ̀ á fi dúró, kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì dúró de ìgbà tó bá sinmi ẹsẹ̀.

Lẹ́ńsì ń lọ ń bọ̀, kò rí ibi fókọ́ọ̀sì dì mọ́. Kí ni mo máa ṣe?

Fókọ́ọ̀sì ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pààlà. Iwájú orí tó dán láìsí ìlà kankan kò ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbé àmì fókọ́ọ̀sì lé etí gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, fírémù awò ojú tàbí ibi tí fìlà ti pàdé iwájú orí. Lórí DSLR (kámẹ́rà tó ní dígí nínú), àmì àárín ló sábà máa ń lágbára jù nínú òkùnkùn. Ẹ fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ pa ìyókù.

Lórí kámẹ́rà mirrorless (èyí tí kò ní dígí nínú), eye detection, tó ń wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí ìmọ́lẹ̀ fi máa dín jù tàbí tí ẹni náà á fi yíjú. Tó bá ti ń fo láti ojú kan sí òmíràn, ẹ padà sí àmì kan ṣoṣo.

Lẹ́ńsì súùmù kan ní bọ́tìnnì tó ń dín ibi tí ó ń wá fókọ́ọ̀sì kù, tí wọ́n kọ nǹkan bíi "∞–5m" sí. Bí kò bá sẹ́ni tó sún mọ́ yín tó mítà 5, ẹ tì í síbẹ̀. Lẹ́ńsì kò ní máa lọ títí dé iwájú imú yín kó tó padà wá. Fún ẹni tó dúró sójú kan, bí oníwàásù nídìí àga ìwàásù, ẹ lè fi ọwọ́ ṣe fókọ́ọ̀sì: ẹ fẹ ojú rẹ̀ lójú kámẹ́rà, ẹ yí òrùka títí irun ìpéǹpéjú á fi hàn, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́ àyàfi bí ẹ̀yin tàbí òun bá kúrò níbi tí ẹ wà.

Ojú ìyàwó mọ́, ti ọkọ ṣe bàìbàì, wọ́n sì jókòó pọ̀. Kí ló fà á?

Ojú lẹ́ńsì tó ṣí gbayawu ló fà á. Ní 200mm, f/2.8, lórí kámẹ́rà full frame (tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi ju APS-C lọ), bí ẹ bá jìnnà sí wọn ní mítà 5, ibi tó máa mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ní mítà 10, ó tó nǹkan bíi 40. Bí ọkọ bá fẹ̀yìn ti àga nígbà tí ìyàwó tẹ̀ síwájú, ó ti jáde nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ojú méjèèjì á fi wà ní ọ̀nà jíjìn kan náà sí yín. Ẹ sì lè padà sẹ́yìn. Títi ojú lẹ́ńsì sí f/4 ni ẹ ó fi ṣe ìgbẹ̀yìn, torí ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló máa gbà lọ́wọ́ yín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ba àwòrán jẹ́ gan-an?

Ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 100%, kí ẹ wo gbogbo ara rẹ̀, kì í ṣe ojú nìkan. Bí ohun gbogbo bá fà sí apá kan náà, tí iná kéékèèké ẹ̀yìn di ìlà, ọwọ́ yín ló gbọ̀n. Bí òpó àti àga bá mọ́ ṣáká ṣùgbọ́n tí ọwọ́ tàbí ojú ẹni náà fà, òun ló mira, ṣọ́tà yín ló lọ́ra. Bí kò bá sí ohun tó fà, àmọ́ tí òdòdó iwájú tàbí ẹni ẹ̀yìn mọ́ ju ẹni tí ẹ fẹ́ lọ, fókọ́ọ̀sì ló ṣìnà.

Bí ibi gbogbo bá rí bí ẹni pé èéfín bò ó, ẹ wo lẹ́ńsì. Tí ẹ bá gbé kámẹ́rà láti inú ọkọ̀ tó ní AC wọ inú gbọ̀ngàn tó móoru, omi á là sójú rẹ̀. Ẹ má nù ún léraléra. Ẹ fi sínú àpò rẹ̀ ní títì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ooru ara rẹ̀ bá ti ibẹ̀ dọ́gba kí ẹ tó ṣí i. Ẹ yọ UV filter, gíláàsì ààbò iwájú lẹ́ńsì, náà lálẹ́. Ó máa ń ju òjìji iná sójú àwòrán.

Ojú dúdú, léèsì funfun: ojú ń ṣókùnkùn tàbí aṣọ ń funfun jù. Báwo ni?

Kámẹ́rà rò pé kí gbogbo ayé rí bí eérú. Bí agbádá funfun bá kún ojú àwòrán, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì rì. Ẹ fi +0.7 tàbí +1 sí i lórí exposure compensation, bọ́tìnnì +/−. Lórí ìtàgé, òdì kejì ni: ẹ̀yìn dúdú kirikiri, iná kan ṣoṣo lórí olórin. Kámẹ́rà á gbìyànjú láti mú òkùnkùn yẹn mọ́lẹ̀, ojú olórin á sì di funfun. Ẹ fi −1 sí i, tàbí kí ẹ lo Spot metering, kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ ojú nìkan.

Ẹ tan àmì ìkìlọ̀ tó ń ṣẹ́jú níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá ń ṣẹ́jú lórí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí iná, ẹ má dá a lóhùn. Bó bá ń ṣẹ́jú lórí àyà léèsì tàbí iwájú orí, ẹ dín in kù. Fún awọ dúdú, a kì í yà á ní ṣíṣókùnkùn ká ní a ó mú un mọ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Inú òjìji ni hóró-hóró ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti máa yọjú.

Iná ìtàgé aláwọ̀ elésè àlùkò sọ gbogbo ojú di pẹrẹsẹ. Ṣé RAW lè tún un ṣe?

RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì ṣe àtúnṣe kankan sí, ń tún àwọ̀ iná pupa rẹ́súrẹ́sú tí gílóòbù àtijọ́ ń tàn ṣe dáadáa. Ẹ lè yan white balance (àwọ̀ iná) rẹ̀ lẹ́yìn, nǹkan bíi 3200K. Ṣùgbọ́n LED aláwọ̀ kan ṣoṣo kò ní ìyókù àwọ̀ nínú rárá. Ohun tí iná kò gbé wá, kò sí ohun tí RAW máa rí yọ. Ẹ dúró de ìgbà tí iná funfun bá kọjá lójú olórin, torí iná ìtàgé máa ń yí. Èyí tí ẹ bá ti yà, ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun.

Ìlà dúdú ń dábùú àwòrán mi, tàbí kí ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí èkejì ṣókùnkùn. Kámẹ́rà ti bàjẹ́ ni?

Rárá. Iná ló ń ṣẹ́jú. Ní Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, iná ìjọba jẹ́ 50Hz, ìyẹn ìyípo 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná tí kò dára sì ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìgbà 100 nìyẹn. Ní 1/500, ẹ ó ká iná mọ́ àárín ibi tó ti ń ṣẹ́jú. 1/100 tàbí 1/50 ń gba ṣíṣẹ́jú náà lódidi, ìlà á sì lọ. Ní Amẹ́ríkà àti Brazil, 60Hz ni: 1/60 tàbí 1/125.

Bí ijó kò bá gba 1/100, ẹ tan anti-flicker nínú mẹ́nù, bí kámẹ́rà bá ní i. Ó ń dúró de ìgbà tí iná bá mọ́lẹ̀ jù kó tó yà. Ṣùgbọ́n lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, 50 yẹn kì í dúró. Bí wọ́n bá tan AC kan sí i, ó ti yí, anti-flicker náà lè ṣìnà. Níbẹ̀, ẹ ya púpọ̀ léraléra, kí ẹ yan èyí tó mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ń lo ṣọ́tà tí kì í dún, tí wọ́n ń pè ní electronic, ẹ padà sí ti mechanical. Ti electronic ń ka sẹ́ńsọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìlà-ìlà, lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò sì yára tó iná. Pátákó LED ńlá tó wà lẹ́yìn ìtàgé ló ń fi èyí hàn jù. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó dákẹ́, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ ó yan láàárín ariwo ṣọ́tà àti ìlà.

Ṣé kí n ra teleconverter kí súùmù mi lè gùn sí i?

Kì í ṣe fún iṣẹ́ alẹ́. Gíláàsì tí a ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì ni teleconverter. 1.4x ń gba ìdajì ìmọ́lẹ̀, 2x ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. f/5.6 tí ẹ so 2x mọ́ ti di f/11, ọ̀pọ̀ DSLR kò sì ní rí fókọ́ọ̀sì ṣe mọ́ níbẹ̀. Lórí 70-200mm f/2.8, 1.4x ṣì ṣeé gbà, torí f/4 ni yóò kù.

Òṣùpá ńkọ́? Òun náà máa ń di bọ́ọ̀lù funfun.

Ojú ọ̀run ló ṣókùnkùn, òṣùpá kò ṣókùnkùn: oòrùn ló ń tàn sí i lára. Ẹ má lo ISO 3200 fún un. ISO 100, f/8, 1/200 fún òṣùpá tó kún; ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí òṣùpá àti ènìyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ nínú àwòrán kan láìtan iná kankan, ẹ yà á ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òṣùpá ti yọ tí ojú ọjọ́ kò sì tíì ṣú tán.